Àǹpù Kan, Sípíkà Mẹ́jọ: Ẹ̀kọ́ Iná ní Èdè Yorùbá

Ìfáàrà

Ó ṣeé ṣe kí ó ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ń kọ̀wé lórí àǹpù àti sípíkà nínú ìwé ẹgbẹ́ wa. Ohun tí a sábà máa ń bá pàdé níbí ni ìjálá, òwe, oríkì àti gírámà. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun ni ó mú mi gbé kálámù. Ète mi jẹ́ méjì. Èkíní ni láti ṣàlàyé bí a ti ń so sípíkà púpọ̀ mọ́ àǹpù kan ṣoṣo láìba nǹkan jẹ́. Èkejì ni láti fi hàn pé èdè wa tó irú àlàyé bẹ́ẹ̀ í ṣe, bí a bá lè lọ bi àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ náà léèrè.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀

Ọmọ Ìlobùú ni bàbá mi, ọmọ Ìfọ́n sì ni ìyá mi. Ẹni tí ó bá mọ apá ibẹ̀ mọ̀ pé ìlú méjèèjì súnmọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò kò fi lè sọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Ìlobùú ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìfọ́n sì ni ti Òròlú. Ṣùgbọ́n wàhálà ilẹ̀ ti ba nǹkan jẹ́ láàárín wọn, pàápàá ní ọdún 2024 àti 2025, tí ìjọba fi ní láti ṣe òfin kónílé-ó-gbélé. Ìnáwó ìkẹyìn ìyá àgbà, ìyá tí ó bí ìyá mi, ni ó kọ́kọ́ mú kí àwọn ẹbí bàbá mi àti ti ìyá mi tún jókòó pọ̀ lẹ́yìn wàhálà náà.

Mo ti gba ohùn ìyá àgbà sílẹ̀ nígbà ayé wọn, níbi tí wọ́n ti ń ki oríkì ilé, fún iṣẹ́ kíláàsì mi. Gbogbo ẹbí ní kí n jẹ́ kí àwọn gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà. Mo gbé àǹpù bàbá mi lọ, mo sì yá sípíkà kún ti ilé títí ó fi di méjì-méjì lọ́nà mẹ́rin: méjì ní pálọ̀, méjì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, méjì lábẹ́ kánópì níwájú ilé, méjì ní ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n fi àwọn ará Ìlobùú jókòó sí, nítorí pé ibòji wà níbẹ̀.

Kò pẹ́ tí ohùn ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde tí ìkùnsínú bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ilé. Wọn kò gbọ́ dáadáa. Àbúrò bàbá mi obìnrin rán ọmọdé sí mi pé, 'Lọ sọ fún bùọ̀dá rẹ pé ṣé àwa kì í ṣe ẹbí ni?' Ara mi kò balẹ̀ mọ́. Mo yí ohùn sókè, mo tún yí i. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, òórùn rọ́bà jíjó gba pálọ̀, èéfín rú, gbogbo ilé sì dákẹ́ lórí gbólóhùn tí ìyá àgbà kò tíì parí. Ojú tì mí. Ohun tí ó tún dùn mí jù ni pé nígbà tí àwọn àgbà bi mí pé kí ni ó ṣe é, n kò rí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan sọ ju pé 'ó ti jó' lọ.

Ohun tí ọ̀gá oníṣẹ́ rédíò wí

Mo gbé àǹpù náà lọ bá ọ̀gá kan tí ń tún rédíò ṣe ní Ìlobùú. Ó tú ẹ̀yìn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, 'Ọmọ mi, ewúrẹ́ mẹ́rin lo so mọ́ èèkàn kan, o wá ń nà wọ́n pé kí wọ́n sáré.'

Mo ní, 'Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ là á yé mi.'

Àlàyé tí ó ṣe nìyí, mo kàn fi ìṣirò díẹ̀ kún un ni.

Gbogbo sípíkà ni ó ní ìdènà, èyíinì ni bí ó ti ń ṣe agídí sí iná tí ó fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá. Óòmù ni a fi ń wọn ìdènà yìí, láti ara orúkọ Georg Simon Ohm, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ó tẹ òfin rẹ̀ jáde ní ọdún 1827. Òfin náà kò le: bí ìdènà bá dínkù, iná tí yóò ṣàn yóò pọ̀ sí i. Ó dà bí omi inú táńkì orí òrùlé. Bí ẹnu ẹ̀rọ tí a ṣí bá ti pọ̀ tó ni omi ṣe ń tú jáde tó.

Sípíkà óòmù 8 ni ó wọ́pọ̀ nínú ilé. Bí àǹpù bá ti fólítì 20 sí ọ̀kan, áńpíà 2.5 ni yóò gbà, agbára rẹ̀ yóò sì jẹ́ wọ́ọ̀tì 50. Bí a bá so mẹ́rin mọ́ ojú kan náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni yóò fẹ́ gba 2.5 tirẹ̀, àròpọ̀ rẹ̀ yóò sì di áńpíà 10. Lójú àǹpù, ńṣe ni ó dà bí ẹni pé sípíkà kan tí ìdènà rẹ̀ kò ju óòmù 2 lọ ni ó wà níwájú rẹ̀. Wọ́n sì ti kọ ọ́ sí ẹ̀yìn àǹpù bàbá mi pé kí ìdènà má ṣe dín ní óòmù 4. Mo rí i lójoojúmọ́, n kò kà á. Tìráńsítọ̀ tí ń ti iná jáde gbóná ju bí ó ti yẹ lọ, wọ́n sì jó.

Ọ̀nà méjì tí a fi ń so sípíkà

Ọ̀nà kìíní ni èyí tí ọ̀gá pè ní 'so bí ewúrẹ́ mọ́ èèkàn'. A lè pè é ní ìsopọ̀ ìfẹ̀gbẹ́kẹ̀gbẹ́. Wáyà pupa gbogbo sípíkà yóò lọ sí ojú pupa àǹpù, dúdú yóò lọ sí dúdú. Bí àwọn sípíkà náà bá dọ́gba, a ó fi iye wọn pín ìdènà ọ̀kan: 8 lọ́nà méjì jẹ́ 4, lọ́nà mẹ́rin jẹ́ 2. Àǹfààní rẹ̀ ni pé bí ọ̀kan bá kú, àwọn yòókù yóò máa sọ̀rọ̀ lọ. Ewu rẹ̀ ni pé èèkàn lè fà tu.

Ọ̀nà kejì ni 'so bí ìlẹ̀kẹ̀', èyíinì ni ìsopọ̀ àtẹ̀léra. Láti ojú pupa àǹpù, a ó wọ pupa sípíkà kìíní. Dúdú rẹ̀ yóò wọ pupa èkejì. Dúdú èkejì ni yóò padà sí dúdú àǹpù. Níbí, ńṣe ni a ń ro ìdènà pọ̀: 8 àti 8 jẹ́ 16. Kò sí ewu fún àǹpù. Ṣùgbọ́n bí okùn ìlẹ̀kẹ̀ bá já níbì kan, gbogbo rẹ̀ ni yóò tú. Bí sípíkà kan bá kú, èkejì yóò dákẹ́.

Ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀ ni láti da ọ̀nà méjèèjì pọ̀. Àǹpù mi ní ojú méjì, ti ọ̀tún àti ti òsì, sípíkà mẹ́rin sì ni ó kan ojú kọ̀ọ̀kan. Bí a bá so méjì bí ìlẹ̀kẹ̀, ó di 16. Bí a bá so méjì yòókù bẹ́ẹ̀, òun náà di 16. Bí a bá wá so okùn ìlẹ̀kẹ̀ méjèèjì mọ́ èèkàn kan, 16 lọ́nà méjì jẹ́ 8. Sípíkà mẹ́rin wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹyọ kan péré ni àǹpù rí. Ẹ jẹ́ kí a rántí pé wọ́ọ̀tì 50 náà ni wọn yóò jọ pín, 12.5 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohùn kò ní í lọ sókè, ṣùgbọ́n yóò kárí. Ó sì yẹ kí àwọn sípíkà náà jẹ́ irú kan náà, kí ọ̀kan má baà jẹ ìpín èkejì.

Ọ̀rọ̀ wáyà ẹ̀yìnkùlé

Kí ló dé tí àwọn ará Ìlobùú kò fi gbọ́? Wáyà ni. Wáyà tín-ín-rín, ìdajì mìlímítà onígun mẹ́rin, ni mo fà dé ẹ̀yìnkùlé, ó sì tó mítà 40. Àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ jẹ́ 80, ìdènà irú wáyà bẹ́ẹ̀ nìkan sì súnmọ́ óòmù 3. Wáyà yìí jẹ nínú iná kí ó tó dé ibẹ̀, bí ìdajì agbára tí ó yẹ kí ó dé sípíkà ẹ̀yìnkùlé ni ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó fẹ́ yọ wọ́n sílẹ̀. Ìyà wáyà ni wọ́n ń jẹ. Èmi náà, dípò kí n wá wáyà tí ó nípọn, ńṣe ni mo yí ohùn sókè fún gbogbo ilé, mo sì fi bẹ́ẹ̀ pa àǹpù.

A tún gbọ́dọ̀ kíyè sí àwọ̀ wáyà. Bí a bá yí pupa àti dúdú sípíkà kan padà, tí èkejì rẹ̀ sì wà bí ó ti yẹ, bí ọ̀kan ti ń ti afẹ́fẹ́ síwájú ni èkejì yóò máa fà á sẹ́yìn, ohùn ìlù yóò sì ṣófo. Kí a tó fọwọ́ kan wáyà kankan, kí a pa àǹpù ná.

Ọ̀nà Asọ̀rọ̀mágbèsì

Kì í ṣe òní ni a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn láti orísun kan nínú ilé púpọ̀. Ní ọdún 1935 ni rédíò olówáyà dé Èkó, ó sì dé Ìbàdàn ní 1939. Wáyà ni ó ń gbé ohùn láti ilé-iṣẹ́ wọ inú àpótí kékeré tí a gbé kọ́ ara ògiri ilé àwọn oníbàárà. Àpótí yìí ni àwọn baba wa pè ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ẹ wo bí wọ́n ti hun ọ̀rọ̀ náà: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a-, sọ̀rọ̀, má, gbà, èsì, fáwẹ̀lì gbà sì pa jẹ láti fún wa ní gbèsì. Wọn kò dúró de ìgbìmọ̀ kankan. Wọ́n wo ohun tí nǹkan náà ń ṣe, wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ.

Lónìí, fún ilé ìjọsìn tàbí ilé-ìwé tí sípíkà rẹ̀ pọ̀ tí ó sì jìnnà, àǹpù olófólítì 100 ni a ń lò. Tìráńsífọ́mà kékeré máa ń wà lára sípíkà kọ̀ọ̀kan. Sípíkà wọ́ọ̀tì 10 kì í gbà ju ìdámẹ́wàá áńpíà kan lọ lórí irú okùn bẹ́ẹ̀, nítorí náà wáyà tín-ín-rín kò lè jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ìṣirò rẹ̀ kò ju pé kí a ro wọ́ọ̀tì gbogbo sípíkà pọ̀, kí ó má ṣe ju ti àǹpù lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe so sípíkà ilé lásán mọ́ ọn.

Ìgúnlẹ̀

Ní ọdún 1970 ni Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé-Ifẹ̀ tí a fi ń fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà. Àwọn olùkọ́ wa náà ti ṣe ìwé èdè-ìperí fún ẹ̀kọ́ ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Iṣẹ́ ńlá ni. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ máa wọ ṣọ́ọ̀bù oníṣẹ́ rédíò, ti wẹ́ńdà àti ti mẹkáníìkì bí a ti ń wọ ilé ọlọ́dẹ lọ gba ìjálá. Ọ̀gá mi ní Ìlobùú kò ka ìwé óòmù kankan, ṣùgbọ́n èèkàn àti ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ yé mi ju ohun tí mo kọ́ ní sẹ́kọ́ńdìrì lọ.

Ó pààrọ̀ tìráńsítọ̀ méjì, mo san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, a kó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jáde ní ilé kan náà ní Ìfọ́n. Mo so sípíkà mẹ́jọ bí ó ti kọ́ mi, mo fi wáyà tí ó nípọn dé ẹ̀yìnkùlé, mo sì tún fi ohùn ìyá àgbà sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Àbúrò bàbá mi obìnrin wà níbẹ̀. Nígbà tí oríkì náà parí, mo lọ bá wọn lẹ́yìn ilé, mo ní, 'Ẹ gbọ́ ọ, mà?' Wọ́n ní, 'A gbọ́ ọ délẹ̀.'