Oòrùn Ti Padà Dé, Kó Àwọn Ọmọ Jáde

Àbúrò mi, mo gbọ́ ohùn rẹ lórí fóònù lálẹ́ àná. O ní àwọn ọmọ kì í sùn mọ́, o ní ilé ti há mọ́ yín, o ní oòrùn ń ràn ṣùgbọ́n òtútù ò lọ. Mo mọ ibi tí o wà yẹn. Mo ti gbé ibẹ̀ rí, nínú yàrá méjì ní òkè kẹta ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, èmi àti ọmọ ọdún mẹ́ta pẹ̀lú èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹsẹ̀ rìn.

Ọdún yẹn, ìgbà òtútù wọ̀ mí lára débi pé nígbà tó lọ, n ò mọ̀ pé ó ti lọ. Mo ṣì ń fa kọ́tìnnì bo fèrèsé lọ́sàn-án gangan. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kẹta, kọ́tìnnì yà díẹ̀, oòrùn gbabẹ̀ wọlé, ó tẹ́ pẹrẹsẹ sórí kápẹ́ẹ̀tì bí aṣọ tí wọ́n sá. Èyí kékeré bẹ̀rẹ̀ tì í, ó fọwọ́ méjèèjì gbá a jọ, ó fẹ́ gbé e. Ó gbìyànjú títí. Nígbà tí kò rí i gbé, ó gbójú sókè wò mí, pé kí n wá bá òun gbé e. Omi bọ́ lójú mi. Mo wọ bàtà fún àwọn méjèèjì, a sì jáde, láìní ibì kan pàtó tí à ń lọ.

Ohun tí mo ní í sọ fún ọ kò ju ìyẹn lọ: máa kó wọn jáde lójoojúmọ́ ní ìgbà ìrúwé yìí. Má dúró de Sátidé, má dúró de ìgbà tí owó bá wà, má dúró de bàbá wọn kó tó ti ibi iṣẹ́ dé. Bó jẹ́ ogún ìṣẹ́jú náà ni, ẹ jáde. Gbogbo ohun yòókù tí màá sọ, kí ìjáde yẹn lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn ni.

Kọ́kọ́ mọ̀ pé oòrùn ibí yìí máa ń tan èèyàn jẹ. Nílé, bí oòrùn bá ti yọ, ooru ti dé nìyẹn. Níbí, ojú ọ̀run lè mọ́ kedere kí atẹ́gùn sì máa gé èèyàn létí. Mo ti rí ìyá tó di ọmọ bíi pé oṣù Kejìlá ló ṣì wà, tí òógùn ń bọ́ lára ọmọ. Mo sì ti rí èyí tó wọ sàńdáàlì fún ọmọ torí pé oòrùn ràn, tí ẹsẹ̀ ọmọ tutù bíi yìnyín. Ẹ̀wù lé ẹ̀wù ni àṣírí rẹ̀: síńgílẹ́ẹ̀tì, ẹ̀wù ọlọ́wọ́ gígùn, súwẹ́tà, kí kóòtù òjò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wá wà lókè. Bí ara wọn bá gbóná, o bọ́ ọ̀kan; bí òjò bá já lu yín, o tún wọ̀ ọ́. Ẹ̀yìn ọrùn ọmọ ni kí o fọwọ́ kàn tí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá òtútù ń mú un, nítorí ọwọ́ ọmọdé lè tutù kí ara rẹ̀ sì máa gbóná. Bàtà rọ́bà, ra ti àlòkù, oṣù mélòó kan ni ẹsẹ̀ wọn á fi ju bàtà yẹn lọ.

Ohun kan wà tí mi ò fẹ́ kí o gbàgbé bí ẹ bá wọ ọkọ̀: bọ́ kóòtù tó nípọn kúrò lára ọmọ kí o tó di bẹ́líìtì ìjókòó rẹ̀. Kóòtù yẹn kì í jẹ́ kí bẹ́líìtì lẹ̀ mọ́ ọn lára bó ṣe yẹ. Di bẹ́líìtì náà tán, kí o wá fi kóòtù bo ọmọ lókè bí aṣọ ìbora.

Ní ti oorun wọn, má bínú sí wọn. Ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù kẹta, wọ́n máa ń yí aago síwájú níbí: aago kan òru á di aago méjì lójijì, gbogbo ilé á sì dàrú. Ní Èkó tí wọ́n bí wa sí, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀, oòrùn kì í jìnnà sí aago mẹ́fà ààbọ̀ sí aago méje kó tó wọ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, bí aago bá ti yí báyìí, ó máa ń súnmọ́ aago méje ààbọ̀ kí oòrùn tó wọ̀; nígbà tí oṣù karùn-ún bá fi máa parí, ó ti di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án. Ọmọ ọdún mẹ́ta tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì tó ní ilẹ̀ ò tíì ṣú, òótọ́ ló ń sọ. Kì í ṣe oríkunkun.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé, bó bá ku ọjọ́ mẹ́fà kí aago yí, màá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá fa àkókò oorun wọn sẹ́yìn. Lónìí, aago méje ku mẹ́wàá. Lọ́la, aago méje ku ogún. Ọjọ́ tí aago bá yí, ara wọn ti dé ibẹ̀ ṣíwájú. Bó bá ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ lọ́dún yìí, ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá náà ni kí o fi máa dá a padà díẹ̀díẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan á tán an. Fún ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ kùtù tó ń jí wọn ní aago márùn-ún, mo rán aṣọ dúdú tó nípọn mọ́ ẹ̀yìn kọ́tìnnì, ó sì ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo wá rí i pé wọn kì í wo aago rárá. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ ni wọ́n ń wò. Ìwẹ̀, ìpara, aṣọ oorun, kí n fa kọ́tìnnì, kí n wá pàlọ́. O rántí pé a kì í pàlọ́ lọ́sàn-án nílé wa. Mo sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀, pé àlọ́ kì í jáde bí òkùnkùn ò bá sí. Báyìí, àwọn fúnra wọn ló máa ń sáré lọ fa kọ́tìnnì.

Níbo lẹ ó máa lọ? Pápá tó súnmọ́ yín tó. Èmi, Peckham Rye ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ní akéwì àti ayàwòrán tó ń jẹ́ William Blake, nígbà tó wà ní ọmọ bí ọdún mẹ́jọ sí mẹ́wàá, ti rí igi kan tí áńgẹ́lì kún orí ẹ̀ka rẹ̀. Ó délé, ó sọ ọ́, bàbá rẹ̀ fẹ́ nà án pé ó ń purọ́, ìyá rẹ̀ ló gbà á sílẹ̀. Mo fẹ́ràn ìyá yẹn gan-an. Bí ọmọ mi bá dúró lábẹ́ igi tó ń rúwé tó ní òun rí nǹkan, mo máa ń dúró ti í, mo sì máa ń bi í pé kí ló rí.

Bí ẹ bá fẹ́ rí ẹran ọ̀sìn, ẹ lọ sí Surrey Docks Farm ní Rotherhithe, lẹ́bàá odò Thames. Ọ̀fẹ́ ni wíwọlé. Ewúrẹ́ àti àgùntàn wà níbẹ̀, ìgbà ìrúwé sì ni ìgbà tí ẹran ń bímọ. Ọmọ tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù, tó jẹ́ pé inú àlọ́ nìkan ló ti ń gbọ́ orúkọ ewúrẹ́, ó yẹ kó gbọ́ bó ṣe ń ké. Ẹ fọwọ́ yín dáadáa pẹ̀lú ọṣẹ lẹ́yìn náà, kí ẹ tó jẹ ohunkóhun. Tí ẹ bá lọ bọ́ pẹ́pẹ́yẹ létí omi, ẹ fi búrẹ́dì sílẹ̀, kì í ṣe wọ́n lóore. Ìrẹsì funfun tó kù nínú ìkòkò dára fún wọn, èyí tí kò níyọ̀. Díẹ̀ ni kí ẹ fún wọn.

Ọ̀rọ̀ òdòdó wá ni mo fẹ́ kí o fetí sí dáadáa. Òdòdó aláwọ̀ ìyeyè tí o ń rí káàkiri yẹn, daffodil, ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n májèlé ni fún ẹni tó bá jẹ ẹ́, láti ìdí dé orí. Ìdí rẹ̀ jọ àlùbọ́sà. Èyí tí wọ́n dì ní ìdì nínú ọjà, tí kò tíì tanná, sì jọ àlùbọ́sà eléwé. Ìdí nìyẹn tí àjọ ìlera ìjọba fi kìlọ̀ fún àwọn ọjà ńlá lọ́dún 2015 pé kí wọ́n má ṣe tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀fọ́. Ìwọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí o kò mọ̀ ọ́n rí, tí o sì ní ọmọ tó ń fi gbogbo nǹkan sẹ́nu, má ṣe fi í sórí tábìlì ìdáná. Kọ́ èyí ẹ̀gbọ́n nínú àwọn ọmọ rẹ láti máa fi imú gbóòórùn òdòdó, kó má fi ẹnu kàn án. Bí ọmọ bá jẹ nínú rẹ̀, pe 111 lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí ó bá dákú, tàbí tí kò lè mí dáadáa, 999 ni.

Àwọn igi náà ń tú lẹ́búlẹ́bú òdòdó sínú atẹ́gùn láti ìparí oṣù kẹta títí dé àárín oṣù karùn-ún, ti koríko á sì gbà á lọ́wọ́ wọn. Odidi oṣù kan ni mo fi ń fún àkọ́bí mi ní oògùn ọ̀fìnkìn kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀fìnkìn. Bí ojú bá ń yún ọmọ, tí ikun imú rẹ̀ mọ́ bí omi, tó ń sín láìdáwọ́ dúró, tí ara rẹ̀ kò sì gbóná, lọ bá apòògùn ládùúgbò, kó sọ èyí tó bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu fún ọ. Ní tìrẹ, bí ẹ bá ti wọlé, bọ́ aṣọ ìta, kí o bọ́jú wọn. Má sá aṣọ wọn síta lọ́jọ́ tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ gan-an.

Fítámínì D ńkọ́, ṣé o ń fún wọn? Ìmọ̀ràn ìjọba ibí ni pé kí ọmọ ọdún kan sí mẹ́rin máa gba máíkírógíráàmù 10 lójúmọ́ jálẹ̀ ọdún. Èyí tó ṣì ń mu ọmú, 8.5 sí 10 láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Bí ètò ìjọba tí wọ́n ń pè ní Healthy Start bá kàn yín, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fún yín. Awọ dúdú tiwa nílò oòrùn púpọ̀ sí i kó tó rí èyí tó tó, nítorí náà má ṣe rò pé oòrùn ti dé, ó tán. Má sì gba ẹni tó bá ní oòrùn kì í jó ọmọ dúdú gbọ́. Ó ń jó o. Nígbà tí agbára oòrùn (UV) bá tó 3 lórí ìkéde ojú ọjọ́, fi ìpara oòrùn tó jẹ́ SPF 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ pa á lára, kó dé fìlà. Èyí tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, abẹ́ ibòji ni kó wà.

Ìsinmi Àjíǹde yóò fún yín ní ọ̀sẹ̀ méjì láìsí ilé ìwé, mo sì mọ̀ pé ìyẹn ló ń bà ọ́ lẹ́rù jù. Wá ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ bá tìrẹ dọ́gba, kí ẹ pín ọjọ́. Mú ike yógọ́ọ̀tì, fi òwú tútù sí i, kí ẹ̀gbọ́n ju ẹyọ ẹ̀wà kan sínú rẹ̀, kó gbé e sójú fèrèsé. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ó ti hù, inú rẹ̀ á sì dùn débi pé á fẹ́ bá a sùn. Ewédú àti tẹ̀tẹ̀, ẹ gbìn wọ́n sínú ike nínú ilé lópin oṣù kẹrin, kí ẹ má gbé wọn síta títí oṣù karùn-ún fi máa parí, nítorí òtútù òru máa ń pa wọ́n.

Lọ́jọ́ Ẹtì Rere, sè fréjọ̀n, ẹ̀wà tí a fi wàrà àgbọn sè. Màmá wa kì í ṣe ọmọ Àgùdà, ṣùgbọ́n Pópó Àgùdà ní Èkó ni wọ́n dàgbà sí, láàárín àwọn tí baba ńlá wọn ti Brazil padà dé, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ. Fún ẹ̀gbọ́n ní àgbọn kó mì ín létí, kó gbọ́ omi inú rẹ̀. Jẹ́ kó wò ó bí o ṣe ń sẹ́ ẹ̀wà, kó bá ọ da wàrà àgbọn sí i. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mi kó gààrì wọ́n gbogbo ilẹ̀ ilé ìdáná. Mo gbá a. Ó ṣì ń sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn títí dòní, orúkọ fréjọ̀n sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu bí ọmọ Èkó.

Ìwọ náà wá ńkọ́? Mo gbọ́ nǹkan mìíràn nínú ohùn rẹ àná, o ò sọ ọ́, n ò sì bi ọ́. Bí ìjáde yìí ò bá yí i padà, bí o bá ń jí tí nǹkan kan ò wù ọ́, bí ọmọ bá ń sunkún tí ó ń jìnnà sí ọ létí, sọ fún nọ́ọ̀sì tó ń bẹ̀ yín wò nílé, tàbí kí o lọ bá dókítà. Ọmọ rẹ kékeré kò tíì pé ọdún kan. Ju ìyá kan lọ nínú mẹ́wàá ni irú ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bẹ́ẹ̀ máa ń bá láàárín ọdún àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbímọ, ìtọ́jú sì wà. Kì í ṣe àìmoore sí Ọlọ́run, ẹnikẹ́ni kò sì ní gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ nítorí pé o ní ó rẹ̀ ọ́. Èmi náà sọ ọ́ nígbà tèmi, mo kàn pẹ́ kí n tó sọ ọ́ ni.

Mo ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ lọ́la ní aago mẹ́wàá. Kó bàtà rọ́bà wọn sẹ́nu ọ̀nà lálẹ́ yìí kí o tó sùn. Èmi á gbé èyí kékeré pọ̀n, ìwọ á di ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́ mú.