Ìṣọ̀kan Àwùjọ Nígbà Àjàkálẹ̀ Àrùn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ àjàkálẹ̀ àrùn mu rẹ́gí, ìyẹn àrùn tó ń ran láti orílẹ̀-èdè kan dé òmíràn, nítorí pé àìbìkítà ẹnì kan lè kó gbogbo àdúgbò sí wàhálà.

Ẹ̀rí rẹ̀ kò jìnnà sí Ifọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ní ọjọ́ 27, oṣù Kejì, ọdún 2020, ni àyẹ̀wò fi hàn pé ará Ítálì kan tó gba Èkó wọlé, tó sì ti dé Ewékorò tó múlé gbe Ifọ̀, ni ẹni àkọ́kọ́ tó ní àrùn Kòrónà ní Nàìjíríà. Àwọn elétò ìlera tọpinpin àwọn tó bá a pàdé, èyí ni pé wọ́n wá gbogbo ẹni tó súnmọ́ ọn, wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀, wọ́n sì ń ṣọ́ wọn. Nígbà tí ẹnì kejì sì jáde ní ọjọ́ 9, oṣù Kẹta, ara àwọn tí a ti yà sọ́tọ̀ ni. Ọ̀nà yìí náà ni a fi ká Ebola lọ́wọ́ kò ní Nàìjíríà ní ọdún 2014, tó fi jẹ́ pé ènìyàn 20 péré ló kó o, tí 8 sì kú. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé ṣe níbi tí aládùúgbò bá ti ń fi aláìsàn ṣẹ̀sín, tí onítọ̀hún fi ń sá pamọ́.

Ebi kì í sì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ kónílé-ó-gbélé fún Èkó, Àbújá àti Ògùn láti ọjọ́ 30, oṣù Kẹta, ọdún 2020, nítorí Kòrónà, ìjọba Ògùn bẹ̀bẹ̀ kí tiwọn di ọjọ́ 3, oṣù Kẹrin, kí wọ́n lè ráyè pín oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ ará Mowé àti Ìbàfò ní ìpínlẹ̀ Ògùn ló jẹ́ pé Èkó ni iṣẹ́ wọn wà, alágbàṣe tí kò bá sì jáde láàárọ̀ kò ní ohun tí yóò sè lálẹ́.

Nínú oṣù Kẹrin yẹn náà, ìbẹ̀rù olè mú kí àwọn ọkùnrin ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ẹ̀yìn odi Èkó àti ní Ògùn dáná sun táyà ní ìkóríta, tí wọ́n mú àdá lọ́wọ́, tí wọ́n sì ṣọ́ òru mọ́jú. Ìṣọ̀kan ni ìyẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìkórajọ náà tako òfin ìjìnnà síra. Èyí tí àjàkálẹ̀ àrùn ń béèrè ni kí gbogbo ènìyàn pa ìlànà kan náà mọ́, bí wọn kò tilẹ̀ sí lójú kan.

Nítorí náà, ó yẹ kí ẹgbẹ́ onílé ní Mowé, Ìbàfò àti Ifọ̀ ti kọ orúkọ àwọn arúgbó àti alágbàṣe àdúgbò wọn sílẹ̀, kí wọ́n máa dá owó oúnjẹ pamọ́, kí lémọ́ọ̀mù, pásítọ̀ àti ìyálọ́jà sì jọ máa sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.