OORU Ọ̀SÁN ÀTI ÀWỌN ÈNÌYÀN WA TÍ Ń TAJÀ LẸ́BÀÁ TÍTÌ



Nínú ẹgbẹ́ wa yìí, ilé tí kò ní ẹni tí ń tajà níta kò pọ̀. Bí kì í bá ṣe ìyá tí ń dín àkàrà, a jẹ́ ọmọ tí ń kiri omi inú ọ̀rá, tàbí bàbá tí ń tún bàtà ṣe lábẹ́ agbòòrùn. Bí wọ́n bá wọlé lálẹ́ tí wọ́n ní orí ń fọ́ àwọn, a máa ń sọ pé ibà ni, a ó sì fún wọn ní oògùn ibà. Ó lè jẹ́ ibà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà tí a kì í kà sí àìsàn, tí ó sì ń pa ènìyàn. Ooru ni.

ÌDÍ TÍ OORU IBÍ FI LE

Ara ènìyàn kò fẹ́ kí ooru inú rẹ̀ ju nǹkan bíi 37°C lọ. Bí ooru bá pọ̀, a ó làágùn. Gbígbẹ tí òógùn ń gbẹ lára ni ó ń mú ara tutù, kì í ṣe ṣíṣàn rẹ̀. Ní Kano tàbí Sokoto, ooru lè ju 40°C lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ, òógùn a sì tètè gbẹ. Níhìn-ín, odò àti òkun sún mọ́ wa, afẹ́fẹ́ kún fún ọ̀rinrin. Òógùn a máa ṣàn ṣáá, kò ní gbẹ, ooru a sì dúró sínú ara. Nítorí náà 33°C ní Port Harcourt lè rí lára ènìyàn bí ẹni pé ó ti ju 40°C lọ.

Ẹ wá wo ìyá alákàrà. Iná wà níwájú rẹ̀, ọ̀dà títì ń gbóná lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, páànù tí ó rẹlẹ̀ ń gbóná lórí rẹ̀, ọkọ̀ sì ń fẹ́ èéfín gbígbóná sí i. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun mu omi, ṣùgbọ́n kò mu ún, nítorí kò sí ilé ìtọ̀ nítòsí, kò sì sí ẹni tí yóò bá a ṣọ́ ọjà. Bí ó ti ń ṣe báyìí lójoojúmọ́, kíndìnrín rẹ̀ ni ó ń fìyà jẹ.

OHUN TÍ OJÚ WA TI RÍ

Ní oṣù Kejì ọdún 2024, ooru ńlá mú gbogbo etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àjọ ojú ọjọ́ Nàìjíríà, NiMet, sì kìlọ̀ fún ará ìlú. Àwọn onímọ̀ World Weather Attribution ṣe ìwádìí rẹ̀, wọ́n ní ìyípadà ojú ọjọ́ tí èéfín epo àti èédú dá sílẹ̀ lágbàáyé ti mú kí irú ooru bẹ́ẹ̀ rọrùn láti ṣẹlẹ̀ ní ìlọ́po 10. Ní oṣù Kẹrin ọdún kan náà, nínú ààwẹ̀ Ràmàdán, ilé ìwòsàn Gabriel Touré ní Bamako, olú ìlú Mali, kéde ikú ènìyàn 102 láàrin ọjọ́ mẹ́rin péré. Àwọn dókítà ibẹ̀ ní ó ṣeé ṣe kí ooru ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Àgbàlagbà tí ó ti lé ní 60 ọdún ni ó pọ̀ jù nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gan-an, nítorí láti 2025 títí dé 2027, oṣù Kejì àti Kẹta, nígbà tí ooru ibí ń le jù, ni Ràmàdán bọ́ sí.

ÀMÌ RẸ̀ ÀTI ÌTỌ́JÚ RẸ̀

Àmì àkọ́kọ́ ni orí fífọ́, òòyì, àárẹ̀, kí iṣan ẹsẹ̀ máa fani, kí èébì máa gbéni, kí ìtọ̀ sì pọ́n. Ẹni tí ó bá rí i, kí ó kúrò nídìí iná, kí ó jókòó sí ibòji, kí ó sì máa mu omi díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá ti làágùn púpọ̀, ẹ fi ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà tí kò ga àti ààbọ̀ ṣíbí iyọ̀ sínú omi mímọ́ lítà kan, kí ó máa mu ún.

Bí ó bá ń sọ ìsọkúsọ, tí gìrì mú un, tàbí tí ó dákú, tí ara rẹ̀ sì gbóná janjan, ewu ikú ni. Ẹ má ṣe sọ pé ayé ni ó ń ṣe é. Ẹ má fi ṣíbí sí i lẹ́nu, ẹ má sì rọ omi sí ẹnu ẹni tí kò mọ ara rẹ̀. Ẹ gbé e sí ibòji, ẹ tú aṣọ òkè rẹ̀, ẹ da omi tútù sí i lára, ẹ máa fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i, ẹ fi yìnyín tí a fi aṣọ wé sí ọrùn àti abíyá rẹ̀, kí ẹnì kan sì wá ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Kí omi tútù má ṣe dúró de ọkọ̀.

Ní ti aláàwẹ̀, Súrátù Bákárà ti fún aláìsàn láyè láti san ààwẹ̀ ní ọjọ́ mìíràn. Ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ bá wà nínú ewu, kí ó ṣínu. Anabi wa pàápàá pàṣẹ pé kí a fa ìrun Àyìlá sẹ́yìn nígbà tí ooru bá le, títí yóò fi rọlẹ̀ díẹ̀.

OHUN TÍ Ó KÙ SÍ WA LỌ́WỌ́

A mọ̀ pé ẹni tí ó bá palẹ̀ mọ́ ní ọ̀sán lè má rí owó ọbẹ̀ alẹ́. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi ọjà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àkàrà ń tà láàárọ̀, ó sì ń tà ní ìrọ̀lẹ́. Kí ìyá tètè jáde lẹ́yìn Àsùbáà, kí ó sinmi láti agogo méjìlá títí di Alaasari. Ẹ̀yin ọkọ àti ọmọ tí ó ti dàgbà, owó ọ̀sán tí ó bá fò, kí gbogbo ilé jọ gbé e, kí ó má jẹ́ ti òun nìkan. Ẹ má rán ọmọdé kiri ọjà ní ọ̀sán gangan. Aboyún àti ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ bi dókítà bí ẹ ó ṣe máa ṣe.

Ní Freetown, níbi tí àwọn Mùsùlùmí ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Oku ti ń gbé láti ọ̀rúndún 19, ìlú náà yan Eugenia Kargbo ní ọdún 2021 láti máa mójú tó ọ̀rọ̀ ooru. Kò sí ìlú mìíràn ní Áfíríkà tí ó ti yan irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣáájú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ta ìbòji sókè àwọn ọjà tí àwọn ìyá ń jókòó sí nínú oòrùn.

Àwa náà lè ṣe tiwa. Ní ìpàdé wa tí ń bọ̀, kí a jíròrò nǹkan mẹ́ta: ìbòji funfun tí ó ga tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, amù omi mímọ́ fún àwọn tí ń tajà, àti kí mọ́sálásí ṣí ilé ìtọ̀ rẹ̀ fún wọn láti àárọ̀ títí di alẹ́. Kí àwọn tí ń tajà nítòsí ara wọn sì so pọ̀ ní méjì-méjì, kí ìkíní máa ṣọ́ ọjà èkejì, kí ó sì máa wo ojú rẹ̀.

Ọjà la wá ná ní ilẹ̀ yìí, a kò wá fi ẹ̀mí dí i. Kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ wa, kí ó sì jẹ́ kí a máa bá ara wa nílé láyọ̀. Àmín.