Ìwòsàn Kì í Ṣe Àjẹsára: Ẹ̀kọ́ fún Òbí lórí Àrùn Mẹ́dọ̀wú C tí Ó Lè Padà Wá



Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ọmọ tí èéyí bá ti ṣe tí ó sì yè é, èéyí kì í sábà ṣe é mọ́. Ara ọmọ náà ti dá àrùn náà mọ̀. Bí ó bá tún dé, ara a lé e padà láti ẹnu ọ̀nà. Irú ìmọ̀ yìí náà ni abẹ́rẹ́ àjẹsára ń fún ara ọmọ, láìjẹ́ pé ọmọ kọ́kọ́ jìyà àrùn.

Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àrùn rí, pé ẹni tí ó bá ti gba ìwòsàn lọ́wọ́ àrùn kan ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí láé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àrùn kan wà tí ènìyàn lè gba ìwòsàn rẹ̀ pátápátá, kí ó sì tún kó o láìpẹ́ ọjọ́. Àrùn náà ni mẹ́dọ̀wú C, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní hẹpatáítìsì C. Gbogbo òbí ni ẹ̀kọ́ yìí wà fún, ṣùgbọ́n ó kan àwọn bàbá tí ń gbé pẹ̀lú kòkòrò HIV ní pàtàkì.

KÍ NI ÀRÙN MẸ́DỌ̀WÚ C?

Kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń fà á. Ọdún 1989 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ dá kòkòrò náà mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó ní in ni ó ń gbà wọ ara ẹlòmíràn. Bí ó bá dé inú ẹ̀dọ̀, ó lè fara pa mọ́ síbẹ̀ fún 20 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní gbogbo àkókò yìí, ojú lè má pọ́n, ara lè má gbóná, oúnjẹ sì lè máa wọlé dáradára. Nígbẹ̀yìn, ẹ̀dọ̀ lè le kí ó sì sún kì, omi lè kún inú ikùn, jẹjẹrẹ sì lè mú ẹ̀dọ̀. Bí ẹni náà bá tún ní HIV, ìbàjẹ́ yìí a máa yára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú 100 àgbàlagbà ní Nàìjíríà, nǹkan bí 1 ni ó ní mẹ́dọ̀wú C, nǹkan bí 8 sì ni ó ní mẹ́dọ̀wú B.

ÌWÒSÀN WÀ

Ní ìgbà àtijọ́, abẹ́rẹ́ tí ó nira ni a fi ń tọ́jú mẹ́dọ̀wú C, ó sì lè gba nǹkan bí ọdún kan. Lónìí, oògùn oníhóró ni. Ọ̀sẹ̀ 8 tàbí 12 ni a sábà máa ń lò ó, ó sì ń wo ènìyàn tí ó ju 95 lọ sàn nínú 100. Ẹni tí ó ní HIV kò yàtọ̀ nínú èyí. Oògùn náà ń wò ó sàn bákan náà. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ sọ gbogbo oògùn tí ó ń lò fún dókítà, nítorí oògùn mìíràn kì í bá òmíràn rẹ́. Kí a sì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún mẹ́dọ̀wú B kí ó tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé B tí ó ti sùn nínú ara lè jí bí a bá lé C jáde.

ÌDÍ TÍ Ó FI LÈ PADÀ WÁ

Kòkòrò mẹ́dọ̀wú C a máa pààrọ̀ àwọ̀ nígbà gbogbo, oríṣi rẹ̀ sì ju ẹyọ kan lọ. Ara tí ó dá a mọ̀ lánàá lè má dá a mọ̀ lónìí. Nítorí èyí, ìwòsàn kò fi ààbò tí ó dájú sílẹ̀ nínú ara. Èyí wà lára ìdí tí a kò tíì fi rí abẹ́rẹ́ àjẹsára ṣe fún un títí di òní. Bí ó bá padà wá báyìí, kì í ṣe pé oògùn àkọ́kọ́ kò ṣiṣẹ́. Kòkòrò tuntun ni ó tún wọlé láti inú ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù ni a ti rí ẹ̀rí èyí kedere. Láti nǹkan bí ọdún 2000, àwọn dókítà ní London, Paris, Amsterdam àti Berlin bẹ̀rẹ̀ sí í rí mẹ́dọ̀wú C tuntun lára àwọn ọkùnrin tí ó ní HIV, tí wọ́n sì ń bá ọkùnrin ẹgbẹ́ wọn ní ìbálòpọ̀. Ìbálòpọ̀ láìlo rọ́bà ìdáàbòbò, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti lè jáde, àti abẹ́rẹ́ oògùn olóró tí wọ́n jọ ń lò, ni ó ń tàn án. A tọ́jú wọn, ara wọn sì yá. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2017 fi hàn pé nínú irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ 606 tí àrùn náà ti kúrò lára wọn, 149 ni ó tún kó o. Èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹnì kan nínú mẹ́rin. Àwọn kan tilẹ̀ kó o lẹ́ẹ̀kẹta.

Ìrètí wà nínú ìtàn yìí pẹ̀lú. Ní orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì, a ṣí ọ̀nà sílẹ̀ láti ọdún 2015 kí gbogbo ẹni tí ó ní àrùn náà lè rí oògùn gbà. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2016, àrùn tuntun láàárín àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ti dín kù sí nǹkan bí ìdajì iye ti ọdún 2014. Ẹni tí a bá wò sàn kò ní àrùn tí yóò kó ran ẹlòmíràn.

BÁWO NI Ó ṢE KAN ILÉ TIWA?

Ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀nà rẹ̀, ibikíbi tí ènìyàn ń gbé. Ní àdúgbò wa, ó lè wọlé láti ara abẹ́rẹ́ tí a ti fi gún ẹlòmíràn, abẹ onígbàjámọ̀ tí a kò fọ̀ mọ́, abẹ olóòlà, gbẹ́rẹ́ sísín, àti ẹ̀jẹ̀ tí a gbà sára láìyẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ jẹ́ kí á fi baálé ilé kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó ní HIV, ó sì ń lo oògùn rẹ̀ déédéé. A rí mẹ́dọ̀wú C lára rẹ̀. Ó lo oògùn fún ọ̀sẹ̀ 12, a sì sọ fún un pé ó ti lọ. Inú rẹ̀ dùn. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ibà mú un, ó sì lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ń gún abẹ́rẹ́ kiri. Mẹ́dọ̀wú C tún wọlé. Kò mọ̀, nítorí pé ohunkóhun kò dùn ún. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ní kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò, yóò dáhùn pé, “Èmi tí mo ti gba ìwòsàn?” Bíléèdì tí ó fi fá irùngbọ̀n, tí ó sì fi gé ara rẹ̀, ni a tún fi gé èékánná ọmọ. Báyìí ni ohun tí bàbá rò pé ó ti parí ṣe lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ.

Ìyá pẹ̀lú lè kó o ran ọmọ nínú oyún tàbí nígbà ìbímọ. Nínú 20 ọmọ tí àwọn ìyá tí ó ní mẹ́dọ̀wú C bí, nǹkan bí 1 ni ó ń kó o. Bí ìyá bá tún ní HIV, ewu náà a máa pọ̀ sí i.

Àjọjẹun, dídìmọ́ra àti gbígbé ọmọ kì í tàn án. Ẹ má ṣe ta aláìsàn nù.

ÀYẸ̀WÒ TÍ Ó LÈ ṢINI LỌ́NÀ

Lẹ́yìn ìwòsàn, àmì ogun tí ara bá àrùn náà jà a máa wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí náà, àyẹ̀wò tí ń wá àmì yìí yóò máa sọ pé ó wà, yálà àrùn ti padà tàbí kò padà. Ẹni tí a ti wò sàn gbọ́dọ̀ béèrè fún àyẹ̀wò tí ń wá kòkòrò náà fúnra rẹ̀. Àmì ti ìyá náà a máa wà lára ọmọ fún ìgbà díẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń dúró kí ọmọ pé oṣù 18 kí a tó gba àyẹ̀wò àmì lára rẹ̀ gbọ́.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ ÒBÍ ṢE

1. Mẹ́dọ̀wú C kò ní àjẹsára, ṣùgbọ́n B ní. Ẹ rí i pé ọmọ gba abẹ́rẹ́ mẹ́dọ̀wú B láàárín wákàtí 24 tí a bí i, kí ó sì gba ìyókù ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14. Nínú 100 ọmọ-ọwọ́ tí ó bá kó B, nǹkan bí 95 ni yóò máa gbé e kiri.

2. Bàbá tàbí ìyá tí ó ní HIV, kí ó ṣe àyẹ̀wò B àti C. Bí kò bá ní B, kí òun náà gba abẹ́rẹ́ rẹ̀.

3. Ẹni tí a ti wò sàn lọ́wọ́ C, tí ewu ṣì wà ní ọ̀nà rẹ̀, kí ó máa ṣe àyẹ̀wò kòkòrò ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà.

4. Kí olúkúlùkù ní bíléèdì, ohun ìgékánná àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tirẹ̀. Kí ọmọ ní tirẹ̀ lọ́tọ̀.

5. Ilé ìwòsàn ni kí a ti dá abẹ́ fún ọmọ. Bí a bá fẹ́ gún ọmọ ní abẹ́rẹ́, kí ó jẹ́ tuntun tí a tú nínú ọ̀rá rẹ̀ ní ojú yín.

6. Ẹ máa lo rọ́bà ìdáàbòbò.

7. Bí àrùn náà bá padà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìtìjú dè yín mọ́lẹ̀. Oògùn ṣì lè wò ó sàn lẹ́ẹ̀kejì. Ọmọ tí ó bá ti pé ọdún 3 náà lè lo oògùn.

Ẹ RÁNTÍ: oògùn lè lé mẹ́dọ̀wú C jáde, ṣùgbọ́n kò ti ilẹ̀kùn. Ọwọ́ bàbá àti ìyá ni kọ́kọ́rọ́ wà. Mẹ́dọ̀wú B ní abẹ́rẹ́ tí ń ti ilẹ̀kùn. Ẹ gbé ọmọ yín wá, kí ẹ sì mú káàdì àjẹsára rẹ̀ dání.