Tábúlẹ́ẹ̀tì Ilé Wa

Bàbá fẹ́ ra tábúlẹ́ẹ̀tì ní Kútọnù. Owó ẹyọ kan péré ló wà lọ́wọ́.

Màmá ń tajà ní Kétu. Ó fẹ́ kékeré, íǹṣì 8, tí ọwọ́ kan lè dì mú. Ìyá àgbà fẹ́ ńlá, íǹṣì 10. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ó sì fẹ́ máa rí ojú àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà ní Lomé dáadáa.

Láti igun ìsàlẹ̀ lápá òsì dé igun òkè lápá ọ̀tún ni a ti ń wọn ojú tábúlẹ́ẹ̀tì. A kì í wọn etí rẹ̀ mọ́ ọn. Íǹṣì 8 tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20. Íǹṣì 10 tó nǹkan bíi 25. Ẹ fi rúlà wọn ìwé yín wò!

Bàbá gé páálí méjì, ńlá àti kékeré. Màmá ki ńlá bọ inú àpò ọjà rẹ̀. Àpò náà gbà á.

Ó ní, “Bàbá àwọn ọmọ, ẹ ra èyí tí Ìyá àgbà fẹ́.”