Ilé-Ìwé àti Ilé-Iṣẹ́ Iná

Ọmọ tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn rí yóò sọ pé kò sí oko tí ó tó ti bàbá òun. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ yíyan iṣẹ́ rí fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ilé-ìwé. Bí a bá bi ọmọ kan ní Bẹẹrẹ tàbí ní Ọjàaba léèrè ohun tí ó fẹ́ dà, yóò dáhùn pé dókítà tàbí lọ́yà. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń pèsè iná mọ̀nàmọ́ná tí ó fi ń kàwé lóru? Kò mọ̀. Òṣìṣẹ́ iná kan ṣoṣo tí ó mọ̀ ni ẹni tí ó wá gun òpó láti já wáyà ilé wọn nígbà tí wọn kò san owó iná.

Ẹ jẹ́ kí a tọ ipa iná náà. Ẹni tí ó bá dúró lórí òkè Màpó ní àṣálẹ́ yóò rí i bí iná ti ń tàn láàrín àwọn òrùlé páànù títí lọ sí Bẹyẹrunkà. Ọ̀nà jíjìn ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá. Ní Kainji, lórí odò Ọya, omi ni ó ń yí ẹ̀rọ láti ọdún 1968. Ní Ẹgbin, létí ọ̀sà Èkó, gáàsì ni. Iná náà a máa gba orí wáyà ńlá wá pẹ̀lú agbára 330,000 fólítì, títí yóò fi dé ibùdó Ayédé ní Ìbàdàn. Ìdí tí a fi ń gbé e ga tó bẹ́ẹ̀ ni pé bí fólítì bá ti ń ga sí i, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí ń ṣòfò lójú ọ̀nà ń dín kù. Láti Ayédé ni a ti ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, sí 33,000, sí 11,000, kí tiransfọ́mà àdúgbò tó sọ ọ́ di nǹkan bí 230, tí gílóòbù wa lè gbà.

Ènìyàn ni ó wà ní gbogbo oríta wọ̀nyí. Ẹnìkan ń wọn omi odò. Ẹnìkan ń ya àwòrán ọ̀nà tí wáyà yóò gbà. Ẹnìkan ń tún tiransfọ́mà ṣe. Ẹlòmíràn jókòó ní Òṣogbo, ó ń ṣọ́ bí iná ti ń lọ káàkiri orílẹ̀-èdè. Iṣẹ́ ẹlòmíràn gba ìmọ̀ ìṣirò tí ó jinlẹ̀, ti ẹlòmíràn sì gba ọwọ́ tí kì í gbọ̀n.

Ilé-ìwé nìkan kò lè fi gbogbo èyí hàn. Olùkọ́ lè ya tiransfọ́mà sí ojú pátákó, ṣùgbọ́n kò ní èyí tí yóò tú wò. Ilé-iṣẹ́ ní ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kò ní ọmọ tí yóò jogún iṣẹ́ náà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Àwọn baba wa mọ èyí: ọmọ alágbẹ̀dẹ a máa fẹ ewìrì pẹ́ kí a tó gbé owú lé e lọ́wọ́.

Ìjọba ti gbìyànjú. Ní ọdún 1971 ni a dá àjọ ITF sílẹ̀. Ní ọdún 1973 ni ètò SIWES bẹ̀rẹ̀, èyí tí ó ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì àti pólì lọ sí ilé-iṣẹ́ fún oṣù mélòó kan. Ètò rere ni, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí akẹ́kọ̀ọ́ ti yan ọ̀nà rẹ̀ ni ó ń dé bá a. Ní òpin kíláàsì kẹta ilé-ìwé girama ni ọmọ ti ń yàn láàrín sáyẹ́ǹsì àti òmíràn. Ojú tí yóò fi yàn kò tí ì rí nǹkan kan.

Kí àwọn ọmọbìnrin má sì rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn wọ́n. Nígbà tí a ń kọ́ ibùdó iná agbára oòrùn ní yunifásítì Bayero ní Kánò, èyí tí a ṣí ní ọdún 2019, àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin wà lára àwọn tí ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ẹnjiníà níbẹ̀.

Ohun tí ó yẹ nìyí: kí àwọn ilé-iṣẹ́ iná, irú bí IBEDC tí ó ń pín iná ní Ìbàdàn láti ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1913 + 100, èyíinì ni 2013, máa rán ẹnjiníà wá sí kíláàsì ní sáà kọ̀ọ̀kan, kí àwọn ọmọ náà sì lọ wo ibùdó iná pẹ̀lú olùkọ́ wọn. Ṣùgbọ́n bí ilé-iṣẹ́ bá wá lẹ́ẹ̀kan, tí ó pín ìwé, tí ó ya fọ́tò, tí ó sì lọ, àlejò ni, kì í ṣe alájọṣe. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ sọ akẹ́kọ̀ọ́ di lébìrà ọ̀fẹ́, tàbí kí ó jẹ́ kí ó fọwọ́ kan wáyà tí iná wà nínú rẹ̀.

Ọmọ tí kò ní ṣe iṣẹ́ iná pàápàá yóò jèrè. Nínú agbo ilé wa àtijọ́, wáyà lọ́ mọ́ wáyà lára ògiri alámọ̀. Iná kò mọ ọmọ ọlọ́lá, kò sì mọ ọmọ òtòṣì; àìmọ̀kan nídìí rẹ̀ a máa pani. Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, nígbà tí iná bá tún tàn lálẹ́ òní, ẹ má ṣe hó ìhó ayọ̀ nìkan. Ẹ béèrè ọwọ́ tí ó tàn án.

Ìbéèrè
1. Kí ni ìdí tí a fi ń gbé fólítì iná ga kí ó tó rin ọ̀nà jíjìn?
2. Kí ni àléébù tí òǹkọ̀wé rí nínú ètò SIWES fún ọmọ ilé-ìwé girama?
3. Kọ àròkọ lórí iṣẹ́ kan tí o kò tí ì fi ojú rí, àti bí o ṣe lè mọ̀ ọ́n.