Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣe Amúdúró Tìrótù fún Máṣíìnì Àtijọ́

Lábẹ́ ọwọ́ ọ̀tún ọ̀pọ̀ máṣíìnì BSA, Triumph àti Norton àtijọ́, níbi tí a ti ń fún ẹ́ńjìnì níná, súkúrù kékeré kan wà tí nọ́ọ̀tì tẹ́ẹ́rẹ́ dè mọ́lẹ̀. Súkúrù yìí ló ń ti ègé irin kan mọ́ páìpù tó ń yí nínú tìrótù. Tí ẹ bá fún un wọlé díẹ̀, tìrótù á wúwo lọ́wọ́, iná tí ẹ fún máṣíìnì á sì dúró síbi tí ẹ fi í sí fúngbà díẹ̀. Ó ní ohun tí èyí wúlò fún láyé ìgbà náà. Máṣíìnì ò tíì ní iná tó ń ṣẹ́jú. Ọwọ́ ni awakọ̀ fi ń júwe ibi tó fẹ́ yà sí, ọwọ́ ọ̀tún ló sì ń nà jáde tó bá fẹ́ yà sọ́tùn-ún. Tí tìrótù bá padà bó ṣe ń yọwọ́, eré máṣíìnì á já lójijì láàárín ọkọ̀.

Ilé iṣẹ́ Amal ní Birmingham, tí wọ́n da AMAC, Brown and Barlow àti Binks pọ̀ dá sílẹ̀ ní 1927, ló ṣe tìrótù àti kàbùrétọ̀ fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn máṣíìnì yìí. Ègé inú tìrótù wọn, èyí tí màá máa pè ní amúdúró, jẹ́ irin sípíríǹgì pẹlẹbẹ tó tẹ̀ kọdọrọ. Ìpata a máa jẹ ẹ́, ó sì lè sọnù nígbà tí ẹnì kan ṣí tìrótù. Ẹni tí kò rí i mọ́ á wá fún súkúrù náà wọlé títí tí ẹnu rẹ̀ á fi kan páìpù ní tààrà. Ohun tó burú jù téèyàn lè ṣe sí tìrótù nìyẹn. Súkúrù á gbẹ́ ojú páìpù, ojú gbígbẹ́ náà á sì máa há a, bẹ́ẹ̀ tìrótù tó há nígbà tí iná pọ̀ lè pààyàn.

Nítorí náà, ohun kan ni kí ẹ fi sọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin iṣẹ́ yìí: amúdúró ló yẹ kó gbó, páìpù kò gbọdọ̀ gbó. Amúdúró rọrùn láti ṣe ju páìpù lọ.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ tú súkúrù náà títí tí kò fi tẹ nǹkan kan mọ́, kí ẹ fún tìrótù níná dé òpin, kí ẹ sì jù ú sílẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ padà fúnra rẹ̀ kíá. Tí kò bá padà, wáyà tó gbẹ tàbí tó ti ń já ló ń yọ yín lẹ́nu, tàbí sípíríǹgì inú kàbùrétọ̀, tàbí irin ọwọ́ tó ti tẹ̀. Ẹ tún ìyẹn ṣe ná. Kò sí amúdúró tó lè wo irú àìsàn bẹ́ẹ̀.

Ẹ dẹ wáyà níbi tí wọ́n ti ń sún un, kí ẹ tú súkúrù tó so ìkarahun tìrótù pọ̀, kí ẹ sì ṣí i lórí aṣọ funfun, torí ohun kéékèèké a máa já bọ́. Ẹ fi fóònù ya bí gbogbo rẹ̀ ṣe tò. Lẹ́yìn tí ẹ bá fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́ tán, ẹ wo ojú páìpù dáadáa: ẹ máa rí ìlà kan tó ń dán. Ibẹ̀ ni amúdúró àkọ́kọ́ jókòó sí, ìlà náà á sì fi bó ṣe fẹ̀ tó hàn yín. Ẹ fi kálípà wọn ìlà yìí, ẹ wọn àyè tó wà fún un nínú ìkarahun, kí ẹ sì wọn ìta páìpù. Irin ọwọ́ máṣíìnì wọ̀nyí sábà máa ń jẹ́ ìdá méje nínú mẹ́jọ íǹṣì, ìyẹn nǹkan bíi mìlímítà 22, ṣùgbọ́n páìpù tiyín gan-an ni kí ẹ wọ̀n. Tí ojú rẹ̀ bá ha, ẹ fi sánpépà 400 bó o, kí ẹ fi 800 tẹ̀ lé e. Tí ojú gbígbẹ́ bá jìn tó èyí tí èékánná lè kọ́, ẹ wá páìpù mìíràn.

Ẹ fi páálí gé àwòrán amúdúró, kí ẹ fi dán an wò nínú ìkarahun títí tó fi jókòó dáadáa. Ní ti irin, ìwé irin tí mẹkáníìkì fi ń wọn àlàfo fáàfù ni mo fẹ́ràn jù. Irin sípíríǹgì ni, wọ́n sì kọ nínípọn rẹ̀ sí i lára. Ẹ mú èyí tó wà láàárín mìlímítà 0.4 sí 0.5. Ó le, nítorí náà òkúta ìlọrin ni kí ẹ fi gé e, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa tì í bọ omi. Tí àwọ̀ rẹ̀ bá ń yí padà, agbára rẹ̀ ń lọ nìyẹn. Ẹ wá tẹ̀ ẹ́ yí ọ̀pá irin kan tó kéré sí páìpù, torí ó máa là padà díẹ̀ tí ẹ bá jù ú sílẹ̀. Ẹ tẹ etí rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn díẹ̀ kí ó má baà gbẹ́ páìpù, ẹ fi fáìlì pa gbogbo igun rẹ̀ rẹ́, kí ẹ sì fi sánpépà dán ojú tó máa kan páìpù títí tí kò fi ní ìlà kankan mọ́.

Tó bá jẹ́ pé irin sípíríǹgì tó nípọn jù ni ẹ rí, alágbẹ̀dẹ lè bá yín ṣe é. Á fi iná sun ún títí á fi pọ́n, á jẹ́ kó tutù sínú eérú kó lè rọ̀, á wá gé e, á tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà á tún sun ún kó pọ́n, á sì tì í bọ inú ọ́ìlì. Ní báyìí ó máa ń fọ́ bí àwo. Kí ó dán an funfun, kí ó wá yá a níná pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí tí àwọ̀ rẹ̀ á fi di búlúù, ní nǹkan bíi 300 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì. Ìta gbangba ni kí wọ́n ti ṣe é, pẹ̀lú ìdérí irin nítòsí, torí ọ́ìlì lè gbiná.

Àwọn ìkarahun mìíràn wà tí kò ní àyè fún irin pẹlẹbẹ, ihò súkúrù nìkan ló wà níbẹ̀. Fún irú èyí, ẹ ní kí tọ́nà gbẹ́ ègé róbótó kan tó máa wọ inú ihò náà láìhá, kí súkúrù máa ti ẹ̀yìn rẹ̀. Idẹ dára, ike acetal sì dára jù lójú mi. Ẹ yẹra fún náílọ́ọ̀nù, torí ó máa ń fa omi mu, ó sì lè wú nínú ihò lásìkò òjò. Ẹ wé sánpépà mọ́ páìpù, kí ẹ máa fi ẹnu ègé náà ra á títí tó fi gba ìrísí páìpù.

Nígbà tí ẹ bá ń tò ó padà, ẹ fi gírísì fẹ́ẹ́rẹ́ pa irin ọwọ́, ẹ fi ọ́ìlì sí wáyà, kí ẹ sì nu ojú amúdúró gbẹ. Ẹ fún súkúrù wọlé títí tí ọwọ́ á fi ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n lára, kí ẹ dúró níbẹ̀, kí ẹ sì fi nọ́ọ̀tì dè é. Ẹ fún tìrótù níná, ẹ jù ú sílẹ̀: nígbà tí ọwọ́ máṣíìnì dojú kọ òsì, nígbà tó wà láàárín, àti nígbà tó dojú kọ ọ̀tún. Ó gbọ́dọ̀ padà nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lẹ́yìn èyí, ẹ ta ẹ́ńjìnì, kí ẹ yí ọwọ́ máṣíìnì láti etí kan dé èkejì; ohùn ẹ́ńjìnì kò gbọdọ̀ ga sókè.

Mo mọ̀ pé àwọn kan fẹ́ kí tìrótù dúró gbọin bí tayé àtijọ́. N kò fara mọ́ ọn fún ojú títì òde òní. Kí amúdúró mú gbígbọ̀n kúrò lọ́wọ́ yín, ó tó. Ẹ tún un ṣí wò lẹ́yìn oṣù kan. Tí ẹ bá rí ìlà ìha lára páìpù, ẹ yọ amúdúró kí ẹ dán ojú rẹ̀ sí i. Ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì gé méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ tọ́jú èkejì sínú àpótí irinṣẹ́ yín.